Ta Ni Yóò Fọhùn fún Àkàndé?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Woolwich, Plumstead àti Thamesmead, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn létí àwọn kan nínú wa. Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Bí a bá ń pa á mọ́ra kí ojú má baà ti wá, àwọn ọmọ wa ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó ní pálọ̀ ọmọ mi obìnrin, níbi tí kò jìnnà sí Powis Street. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń ṣe géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Overwatch. Ó ké sí mi pé kí n wá wo ọmọ Nàìjíríà kan. Mo wò ó: géńdé ọkùnrin dúdú, ìbọ̀wọ́ irin tó tóbi ju orí màlúù lọ ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ààrá. Doomfist ni wọ́n ń pè é. Mo bi ọmọ náà pé kí ni orúkọ tí bàbá àti ìyá ọkùnrin yìí sọ ọ́. Ó ní Akande Ogundimu ni. Ẹ̀yin ará mi, ọmọ-ọmọ tèmi pe orúkọ yẹn bí ẹni tí ń ka orúkọ oògùn lára ìgò. Àkàndé, oríkì tí a fi ń ki ọmọkùnrin láàárọ̀ kí orí rẹ̀ wú, di nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ògúndìmú ni kí a má tilẹ̀ sọ.

Níbẹ̀ ni mo ti béèrè ìbéèrè tí ó bí àròkọ yìí: ọmọ ta ni ó ń fọhùn fún Àkàndé?

Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Sahr Ngaujah ni orúkọ ẹni náà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọmọ Sierra Leone sì ni bàbá rẹ̀. Òṣèré orí ìtàgé ni kí ó tó fọhùn fún Àkàndé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé eré Fela! jáde ní New York ní 2008, òun ni ó ṣe Fẹlá Aníkúlápó Kútì. Nígbà tí eré náà wọ Broadway ní 2009, òun náà ni. Orin, ọ̀rọ̀ àti ijó inú eré yẹn wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wá òṣèré kejì, Kevin Mambo, kí àwọn méjèèjì lè máa pín ọjọ́ ṣe. Ní 2010 orúkọ Ngaujah wọ inú àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Tony. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ó gbé eré náà wá sí National Theatre níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní etí odò Thames. Omi tí ó kọjá níwájú ilé eré náà ni ó ń ṣàn bọ̀ wá bá wa ní Woolwich. Wọ́n tún yàn án fún ẹ̀bùn Olivier ní 2011. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, wọ́n gbé eré náà lọ sí Èkó. Ó dúró níwájú àwọn tí wọ́n mọ Fẹlá lójú kojú, ó sì ṣe Fẹlá fún wọn. Nígbà tó di 2017, àwọn tó ṣe Overwatch wá ẹni tí yóò jẹ́ Àkàndé, ohùn Ngaujah ni wọ́n mú. Ní 2019 ó tún padà sí Broadway nínú eré Moulin Rouge!, ó ṣe ayàwòrán tí ń jẹ́ Toulouse-Lautrec.

Nínú géèmù kan náà, ẹ̀rọ kan wà tí ń ṣọ́ ìlú. Orisa ni orúkọ rẹ̀. Òun náà jáde ní 2017. Cherelle Skeete, ará Birmingham, ni ó fọhùn fún un, òṣèré orí ìtàgé tí ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe Harry Potter and the Cursed Child ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2016.

N kò bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí jà o. Iṣẹ́ òṣèré ni kí ó jẹ́ ẹni tí kì í ṣe. Ngaujah ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi Fẹlá wa ṣẹ̀sín. Àwa gan-an ni mo ń bá jà. Nígbà tí wọ́n ń wá ohùn Fẹlá, nígbà tí wọ́n ń wá ohùn Àkàndé, níbo ni a tọ́jú àwọn ọmọ tiwa sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é. Kí ni àwa ń pe iṣẹ́ òṣèré nínú ilé wa? À ń pè é ní ìranù. À ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ, iṣẹ́ ẹni tí ìwé kò yé. Ọmọ tí ó bá ní dókítà ni òun fẹ́ ṣe, a ó fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Ọmọ tí ó bá ní eré ni òun fẹ́ máa ṣe, a ó gba ààwẹ̀ fún un. Síbẹ̀, àwa kan náà ni a ń jókòó di òru ní Thamesmead, tí a ń wo fíìmù Yorùbá títí ojú yóò fi wú. Àwa kan náà ni a ń pe alága ìdúró àti alága ìjókòó síbi ìgbéyàwó, tí wọ́n ń fi orin àti ẹ̀fẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wa, tí a sì ń rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń na owó lé wọn lórí. Bí ó bá jẹ́ ìranù, kí ló dé tí a fi ń sanwó rẹ̀? Bí kì í bá ṣe ìranù, kí ló dé tí ó fi jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ wa?

Ẹ jẹ́ kí a wo àárín ìlú Woolwich fúnra rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Powis Street, ilé ńlá méjì wà tí wọn kò jìnnà síra. Ọ̀kan jẹ́ Granada, èkejì jẹ́ Odeon. Ọdún 1937 ni àwọn méjèèjì ṣí gẹ́gẹ́ bí ilé sinimá. Ọmọ Rọ́ṣíà kan tí ó jẹ́ olùdarí eré orí ìtàgé, Theodore Komisarjevsky, ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ inú Granada. Lónìí, ilé ìjọsìn ni méjèèjì, àwa ọmọ adúláwọ̀ ni a sì ń kún inú wọn. Mo dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìjọsìn wa gbogbo, ńlá àti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yóò dìde, yóò ka Sáàmù láìwo ìwé. Ọmọ ọdún méjìlá yóò ṣe Hẹ́rọ́dù ní ọjọ́ Kérésìmesì títí ìjọ yóò fi máa pariwo. A ó pàtẹ́wọ́, a ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ní ọjọ́ Ajé, bí ọmọ náà bá ní òun fẹ́ kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀bùn yẹn, a ó ní ta ni ó ń bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ta ni ó sọ fún wa pé ìjọ àti eré kì í rìn pọ̀? Inú ìjọ Aládùúrà ní Èkó ni Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń ṣe nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 ni ó gbé eré ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall, kí ìjọ lè rí owó. Láti ibẹ̀ ni ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó di baba eré òde òní ní ilẹ̀ wa. Ní 1964 ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo débi pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú. Ìjọba kì í bẹ̀rù ìranù. Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní 1963. Nígbà tó di 1964 ó ti gbé e dé Jámánì, ní 1965 ó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní èdè Yorùbá, òyìnbó sì jókòó, wọ́n ń gbọ́.

Kódà kí ó tó di ìgbà tiwọn, àwọn Alárìnjó ti wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò láti Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Àwọn òṣèré jáde níwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ṣe òyìnbó fún òyìnbó wò. Ó ń rìn bí òyìnbó, gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rí i, àwọn baba ńlá wa kò jókòó kí ẹlòmíràn wá ṣe àwọn. Àwọn ni wọ́n ń ṣe ẹlòmíràn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù yìí náà, àwa kọ́ ni àkọ́kọ́. Orlando Martins, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1899, bá Paul Robeson ṣeré lórí ìtàgé níbí ní 1936. Ó ṣe The Hasty Heart lórí ìtàgé ní 1945, nígbà tí wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 1949, ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Ronald Reagan, ẹni tí ó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà.

Fẹlá tí à ń sọ yìí ńkọ́? Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n rò pé ó ń bọ̀ wá kọ́ nígbà tí wọ́n rán an wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì ṣe dókítà, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Òun gba Trinity College of Music lọ. Láti 2001 ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti kó wá sí Greenwich, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sí Woolwich, nínú àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tiwa yìí. Bí ó bá jẹ́ pé àwa òbí Woolwich ni a tọ́ Fẹlá, dókítà kan ni à bá fi kún iye dókítà, ayé kì bá tí gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin, ìyá ọmọ tí ń ṣe géèmù yẹn, ṣe eré kan ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, oorun ń kùn mí, mo lọ jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí ó la ẹnu, oorun dá lójú mi. Ohùn rẹ̀ kún gbọ̀ngàn náà, kò sì pariwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi pé kí n jẹ́ kí ó lọ dán ara rẹ̀ wò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣèré. Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sínú Bíbélì, mo sì sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe aláwàdà ni mo kó ẹbí mi wá sí ìlú òyìnbó wá tọ́. Akáǹtáǹtì ni ó ń ṣe lónìí. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ilé rẹ̀ tòrò. Kò tíì bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyẹn gan-an ni ó ń dùn mí. Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò fi dá mi lóhùn: owó dà? Ìbéèrè gidi ni, n kò ní fi ẹ̀fẹ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ òṣèré le. Oṣù méjì iṣẹ́ lè bí oṣù mẹ́fà ìdúró. Èyí tí wọ́n ń fi ohùn ṣe nínú géèmù kò sì rọrùn bí ó ti dà lójú ọmọdé. Inú yàrá kékeré ni òṣèré ń dá dúró sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kò rí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, wọn kì í fún un ní ìtàn náà délẹ̀, ìgbà mìíràn wọn kì í sọ orúkọ géèmù náà fún un. Yóò sọ gbólóhùn kan ní ọ̀nà mẹ́ta, mẹ́rin. Ìparí iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi igbe sí: igbe ẹni tí a gún, igbe ẹni tí ó jábọ́ láti òkè, igbe ẹni tí ń kú lọ, nítorí pé bí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun yóò ti bó kí ọ̀rọ̀ tó kàn. Iye wákàtí tí ó lò ni wọ́n sábà máa ń fi sanwó fún un. Géèmù náà lè tà káàkiri ayé, kí òun má rí kọ́bọ̀ lé e.

Nítorí èyí ni àwọn òṣèré Amẹ́ríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ SAG-AFTRA fi da iṣẹ́ géèmù sílẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2016 títí di oṣù kẹsàn-án 2017. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù keje 2024 títí wọ́n fi rí àdéhùn tuntun gbà ní 2025. Ìyanṣẹ́lódì kejì yìí dá lórí ẹ̀rọ olóye tí ó lè gba ohùn ènìyàn, kí ó sì máa fi sọ ohun tí ẹni náà kò sọ.

Nítorí náà n kò ní kí gbogbo ọmọ wa di òṣèré. Ọmọ tí kò ní ẹ̀bùn rẹ̀, kí ó lọ ṣe nọ́ọ̀sì, kí ó lọ ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni kò ní wàhálà? Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ lórí ìwé ẹ̀rí tí wọn kò kà sí nílẹ̀ yìí, ṣé àwa ni ó yẹ kí a máa fi ìṣòro dẹ́rù ba ọmọ? A kì í torí pé ejò wà lóko kí a má dáko. Àdá ni à ń mú dání.

Ẹ sì wo àwọn tí òbí wọn kò dí lọ́nà. John Boyega, ọmọ Peckham, oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Ní kékeré ni ó ti ń lọ kọ́ eré ní Theatre Peckham. Ó fọhùn fún Finn nínú géèmù Lego Star Wars: The Force Awakens ní 2016, ní 2017 ó wà lórí ìtàgé Old Vic nínú eré Woyzeck. David Oyelowo, ọmọ Yorùbá, ni ẹgbẹ́ Royal Shakespeare Company fi ṣe ọba Henry VI ní 2000. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́nu ọmọ Yorùbá! Wọn kò fi orúkọ ìdílé wọn wọ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà, òun ni ó sì ká mi lára jù. Ká ní ní 2017 wọ́n tilẹ̀ wá sí Woolwich wá wá ohùn fún Àkàndé, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ìbá lè pe orúkọ náà? Èdè wa, ohùn ni. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti gbó sí ìyàtọ̀ wọ̀nyí láti inú oyún, ogún wà lọ́fun rẹ̀ tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó lè tà á fún un. Àwa ni a gba ogún yẹn lọ́wọ́ wọn, nígbà tí a ní kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé kí ahọ́n wọn má baà wúwo. Ẹni tí kò pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa, kí ó má bínú sí àlejò tó ṣì í pè.

Kí ni kí a ṣe? Mo ní nǹkan mẹ́ta láti sọ. Èkíní, kí a sọ Yorùbá nílé, kí a ki ọmọ wa ní oríkì láàárọ̀, kódà bí ó bá ń kánjú àtilọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èkejì, kí a mú wọn lọ wo eré. Ní 2021 ni Woolwich Works ṣí ní Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn láyé àtijọ́. Láti 2022 títí di oṣù kẹsàn-án 2023, ẹgbẹ́ Punchdrunk ṣe The Burnt City nítòsí ibẹ̀, eré ogun Troy. Láti ọ̀nà jíjìn ni èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá wò ó. Àwa tí a ń ra iṣu àti ata ní Beresford Square, mélòó nínú wa ni ó ráyè kọjá títì? Ẹ̀kẹta, kí ọmọ tí ó bá gba iṣẹ́ ohùn má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lásán. A ti tọ́ lọ́yà púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá àbúrò wọn ka ìwé náà, pàápàá ibi tí ó bá ti sọ pé ilé iṣẹ́ lè lo ohùn náà títí ayé. Equity, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré nílẹ̀ yìí, ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ olóye láti 2022. Kí ọmọ wa wọ ẹgbẹ́ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé tí mo ń sọ yẹn, mo ní kí ọmọ-ọmọ mi pa géèmù rẹ̀ tì díẹ̀. Mo pe Àkàndé fún un, ó pè é, kò bọ́ sí i. A tún un pè. Ìyá rẹ̀ ti ilé ìdáná dá sí i, ó pe Àkàndé Ògúndìmú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ilé sì dákẹ́. Ohùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí ó dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sínú Bíbélì. Ẹ dá olùkọ́ náà lóhùn.